Òkè Kékeré Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè

1.

…tí kò sì sẹ́ni tó bi í nípa ojú rẹ̀ rí. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ìgò pupa àti ìgò aláwọ̀ ewé, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé lójú tirẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni méjèèjì.

Ọgbọ́n kan ló ń dá. Bí wọ́n bá bi í pé, "Àwọ̀ wo ló yọ?" kò ní dáhùn. Á gbé ìgò náà, á kì í bọ inú ẹ̀rọ, á ní, "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n wò ná." Wọ́n rò pé ìwà ẹni tó fara balẹ̀ ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Wọ̀nọ́nwò. Orúkọ náà bá a mu bí ẹ̀wù tí wọ́n wọn ara rẹ̀ kí wọ́n tó rán.


2.

ÌWÉ TÍ Ọ̀GÁ LẸ̀ MỌ́ ÒGIRI FÚN ÀLEJÒ

Ẹ káàbọ̀. Hóró kẹ́míkà bíńtín-bíńtín la ń sè níbí. Ẹ má wulẹ̀ fojú wá a, ẹ ò lè rí i. Ọ̀kẹ́ kan rẹ̀ ni yóò tò tẹ̀lé ara wọn kí wọ́n tó kárí ìbú fọ́nrán irun kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n bí a bá tan iná sí i, òun náà á tan iná padà. Èyí tó kéré jù á tan búlúù. Èyí tó tóbi díẹ̀ á tan àwọ̀ ewé. Èyí tó tóbi jù á pọ́n.

Nítorí náà, ẹni tó bá ka iná rẹ̀ dáadáa ti mọ bó ṣe tóbi tó, láìfojú kàn án. Ẹ̀rọ tó ń bá wa tú ìmọ́lẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́ ló wà lápá ọ̀tún yín. Nọ́ńbà ló fi ń sọ̀rọ̀: bí iná bá ṣe ń sún mọ́ pupa ni nọ́ńbà rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Níbi tí iná bá ti pọ̀, ìlà ojú ẹ̀rọ á gòkè. A máa ń pe ìyẹn ní òkè.

Ẹ má fara ti ẹ̀rọ.

(Ẹ má sì gbé ife tíì lé e. Mo mọ ẹni tí mò ń bá wí. Ìyá Ìbejì ló kọ ọ́.)


3.

ÀWỌN TÓ WÀ NÍNÚ YÀRÁ NÁÀ

Ọ̀GÁ. Obìnrin ni. Ó ga, ohùn rẹ̀ kéré. Bí inú bá ń bí i, ohùn náà á tún kéré sí i, gbogbo ènìyàn á wá máa na etí bí ehoro.

ÌYÁ ÌBEJÌ. Òun ló ń se hóró. Ó ti lo ogún ọdún nídìí iná. Ó ní ẹ̀rọ dára, àmọ́ ojú òun ló kọ́ ẹ̀rọ níṣẹ́.

WỌ̀NỌ́NWÒ. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọmọ aránṣọ. Ìdí ẹ̀rọ ni àyè tirẹ̀.

Ẹ̀RỌ. Ó dé ibẹ̀ ṣáájú Wọ̀nọ́nwò. A máa hùn bí àgbàlagbà tó ń sùn lórí àga.


4.

OHUN TÍ WỌ́N FI Ń PE WỌ̀NỌ́NWÒ NÍ OLÓRÍ KUNKUN NÍ KÉKERÉ

— Ìyá rẹ̀ ní kó mú òwú pupa wá. Ó mú àwọ̀ ewé wá.

— Ìyá rẹ̀ ní kó dá a padà, kó mú pupa wá. Ó mú àwọ̀ ewé mìíràn wá. Ìyá rẹ̀ sọ ìkó mọ́ ọn lórí.

— Ó ya igi sínú ìwé nílé ìwé, ó kun ewé rẹ̀ ní pupa. Olùkọ́ ní kó dìde, kó sọ irú igi bẹ́ẹ̀ fún kíláàsì.

— Ó há a sórí pé òwú pupa ni ẹ̀kẹta láti apá òsì nínú àpótí. Fún oṣù méjì, kò ṣi òwú mú. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́, ó ní ọmọ òun ti gbọ́ràn. Lọ́jọ́ kan, ìyá náà tún àpótí tò. Ìkó.

— Ó fi òwú pupa gán etí aṣọ oníbàárà kan tó jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Oníbàárà wọ̀ ọ́ jáde. Ó padà wá ní òun fẹ́ méjì sí i. Wọn kò na ọmọ lọ́jọ́ náà, wọn kò sì tọrọ gáfárà.


5.

ÌKÉDE

Láti Ọ́fíìsì Ààbò. Sí gbogbo òṣìṣẹ́.

Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, garawa ìdalẹ̀nù yóò di méjì nínú yàrá kọ̀ọ̀kan: PUPA fún kẹ́míkà tó lè gbiná, ÀWỌ̀ EWÉ fún omi lásán.

Gbogbo òṣìṣẹ́ yóò yẹ ojú wò ní Ọjọ́bọ̀.

Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá dá àwọ̀ mọ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ́míkà mọ́ títí a ó fi yanjú ọ̀rọ̀ rẹ̀.


6.

Kò sẹ́ni tó kà á dé ìsàlẹ̀, àfi ẹnì kan. Ìyẹn kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún.


7.

ÌWÉ IṢẸ́ WỌ̀NỌ́NWÒ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ìgò keje. Ìyá Ìbejì ló sè é lánàá. Àwọn ará ilé ìwòsàn ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ẹtì. Hóró tó ń tan àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́, kí wọ́n lè máa fi sàmì sí ibi tí àrùn bá sá pamọ́ sí nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú lẹ́tà wọn, wọ́n fa ìlà sábẹ́ "kan ṣoṣo". Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, yàrá wa á tún rí owó ọdún mẹ́ta fi ṣiṣẹ́.

Wíwọ̀n àkọ́kọ́: òkè kan ní 531. Ó dára.

Nǹkan kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 568.

          /\
         /  \
        /    \_
       /       \
______/         \______

Wíwọ̀n kejì. Bákan náà.

Mo fọ gíláàsì. Bákan náà.

Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Bákan náà.

Mo jáde lọ mu omi. Bákan náà.


8.

ÌPÀDÉ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán. Fóònù Ọ̀gá ló gba ohùn wọn sílẹ̀.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Kí lo ní o rí?

WỌ̀NỌ́NWÒ: Èjìká, mà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Èjìká ta ni?

WỌ̀NỌ́NWÒ: Èjìká òkè, mà. Òkè ńlá rèé. Kékeré yìí ló fara tì í. Iná méjì ló ń tàn nínú ìgò yẹn.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Nínú ìgò mi?

WỌ̀NỌ́NWÒ: Ẹ má bínú, mà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Mi ò bínú. Fọ gíláàsì rẹ.

WỌ̀NỌ́NWÒ: Mo ti fọ̀ ọ́, mà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ọ̀gá, ẹ bá mi wò ó. (Ó gbé ìgò síwájú iná.) Àwọ̀ ewé rèé. Ó mọ́ kedere, kò sí àbùlà. Ìwọ náà wò ó. Kí ni ojú rẹ rí?

WỌ̀NỌ́NWÒ: Ẹ jẹ́ ká tún un wọ̀n.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Má wọ̀n ọ́n! Ojú ni mo ní kó o fi wò ó. Kí lo rí?

Ọ̀GÁ: Ọjọ́ Ẹtì ni àlejò ń bọ̀. Ọ̀kan ni àbí méjì?

WỌ̀NỌ́NWÒ: Ọ̀gá, ojú mi ò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀GÁ: Kò mọ kí ni?

WỌ̀NỌ́NWÒ: Pupa àti àwọ̀ ewé. Láti kékeré, mà. Ọ̀kan náà ni wọ́n lójú mi. Bí ẹ bá gbé ìgò mẹ́wàá kalẹ̀, mi ò lè fojú yà wọ́n. Ìdí tí mo fi ń wọ̀n gbogbo nǹkan nìyẹn. Ìdí tí mo sì fi mọ̀ pé méjì ni èyí nìyẹn. Ẹni tó bá fojú wò ó á ní ọ̀kan ni. Èmi ò ní ojú tí màá fi gbà á gbọ́.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Ọdún mẹ́ta!

WỌ̀NỌ́NWÒ: Ẹ jọ̀ọ́, mà.

ÌYÁ ÌBEJÌ: Dúró ná. Ẹ̀wù tuntun tí mo wọ̀ wá lóṣù tó kọjá, tí mo bi ọ́ pé ṣé àwọ̀ rẹ̀ bá bàtà mi mu, tí o ní ó bá a mu gan-an ni?

WỌ̀NỌ́NWÒ: Ojú yín ni mo wò, mà. Inú yín ń dùn.

(Ẹ̀rín. Ti Ìyá Ìbejì ni. Ó gùn tó ìṣẹ́jú kan. Ẹlòmíràn dara pọ̀ mọ́ ọn. Ó jọ pé Ọ̀gá ni.)


9.

(Ojú ìwé yìí ya. Ohun tó ṣẹ́ kù lórí rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ, ọwọ́ Wọ̀nọ́nwò ló kọ ọ́.)

Ọ̀gá kò lé mi


10.

AFURASÍ MẸ́TA. Ọjọ́rú, lára pátákó.

Ọ̀gá ní kí wọ́n má fi ẹ̀sùn kan ìgò láìwádìí. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ṣọ́ọ̀kì.

ÀKỌ́KỌ́: Òfófó. Ó lè jẹ́ pé hóró há mọ́ra jù nínú ìgò, ọ̀kan ń gba iná lọ́wọ́ èkejì bí ẹni ń gbọ́ òfófó lẹ́nu aládùúgbò, iná náà sì ń yí padà kó tó jáde.
Àyẹ̀wò: a bu omi là á nígbà mẹ́wàá. A tún bu omi là á nígbà ọgọ́rùn-ún. Aládùúgbò ti jìnnà síra. Òkè kékeré ò kúrò níbẹ̀.
Ó mọ́. Ẹ jẹ́ kó máa lọ.

ÈKEJÌ: Ọ̀rá. Ó lè jẹ́ pé àwọn hóró kan sanra ju ẹgbẹ́ wọn lọ.

Ẹ̀KẸTA: Ìlẹ̀mọ́ra. Ó lè jẹ́ pé méjì-méjì ni àwọn kan dà pọ̀ nínú ooru.

Nọ́ńbà kan náà ni èkejì àti ẹ̀kẹta máa fún wa. Báwo la ó ṣe yà wọ́n?

Wọ̀nọ́nwò ló dìde. Ó ní: "Hóró tó sanra rí róbótó. Méjì tó lẹ̀ mọ́ra gùn. Ohun tó rí róbótó kò mọ ìdúró yàtọ̀ sí ìdùbúlẹ̀. Ẹ yí bọ́ọ̀lù bó ṣe wù yín, bọ́ọ̀lù ni. Àmọ́ igi mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká po hóró mọ́ ike rírọ̀, ká fà á gùn kí gbogbo ohun tó bá gùn nínú rẹ̀ lè kọjú sí ọ̀nà kan. Ká wá fi ìmọ́lẹ̀ tó dúró, tí ìgbì rẹ̀ ń lọ sókè-sódò, wò ó. Lẹ́yìn náà ká fi èyí tó dùbúlẹ̀, tí tirẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún sósì, wò ó."

Ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ Ọ̀gá.

"Ta ló máa fà á?" ló bi wọ́n.


11.

Àtẹ̀jíṣẹ́ lórí fóònù Wọ̀nọ́nwò. Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́.

MÀÁMI: O ti jẹun

ÒUN: Mo ti jẹun mà. Màámi, ẹ rántí ọ̀rọ̀ òwú pupa?

MÀÁMI: Èwo nínú rẹ̀

ÒUN: Gbogbo rẹ̀

MÀÁMI: Olórí kunkun. Mo rántí

ÒUN: Kì í ṣe orí kunkun mà. Ojú ni. Pupa àti àwọ̀ ewé, mi ò lè yà wọ́n. Wọ́n bí i mọ́ mi ni

(Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.)

MÀÁMI: Gbogbo ìkó yẹn

MÀÁMI: Gbogbo ẹ̀ pátá

ÒUN: Kò dùn mí mọ́ mà

MÀÁMI: Èmi ló ń dùn

MÀÁMI: Kí ló dé tí o ò sọ

ÒUN: Mi ò mọ̀ pé ó yàtọ̀ lójú ẹlòmíràn. Mo rò pé ẹ̀yin náà ń méfò ni, ẹ kàn mọ̀ ọ́n méfò jù mí lọ

MÀÁMI: Mò ń bọ̀

ÒUN: Níbo mà?

MÀÁMI: Ibi iṣẹ́ rẹ. Ọ̀la

ÒUN: Màámi ẹ má wulẹ̀ dààmú

MÀÁMI: Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù


12.

ÈSÌ ÀYẸ̀WÒ OJÚ. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án.

Iye àwòrán: mẹ́rìnlá. Nọ́ńbà wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín àmì róbótó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ oríṣiríṣi.

Iye tó rí kà: mẹ́ta.

Ohun tó sọ nípa àwòrán karùn-ún: "Ó rẹwà gan-an. Kí ló wà níbẹ̀?"

Ìpinnu: kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kẹ́míkà.

Àkíyèsí: ẹni tí a yẹ̀ wò ń rẹ́rìn-ín. A bi í léèrè. Ó ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lòun ti ń sá fún ìwé yìí, òun ò mọ̀ pé kò wúwo.


13.

Nígbà tó máa fi padà dé láàbù, obìnrin kan ti jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé àpò lé itan. Ìyá rẹ̀ ni. Mọ́tò àkọ́kọ́ ló wọ̀. Ó dìde, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀, ó ń rà á, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ́ aṣọ tó hunjọ.

"Màámi, àwọn ènìyàn ń wò wá."

"Kí wọ́n máa wò. Ṣebí ojú tiwọn ríran."

Nínú láàbù, wàhálà ti ṣẹlẹ̀. Ìyá Ìbejì ti po ìgò keje mọ́ ike, ó ti tẹ́ ẹ gbẹ, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Mẹ́rin ló ṣe. Ó fa àkọ́kọ́, ó já. Ọ̀gá fa èkejì, ó já. Wọ́n jọ fa ẹ̀kẹta. Apá kan nà, apá kan hunjọ bí ètè ẹni tó mu oògùn kíkorò.

"Ó ku ẹyọ kan," ni Ìyá Ìbejì wí.

Wọ̀nọ́nwò na ọwọ́. Ìyá Ìbejì gbá ọwọ́ náà dànù. "Ìwé tí wọ́n fún ọ ńkọ́? Wọ́n ní o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan. Èmi á máa fọwọ́ kàn án, ìwọ á máa wọ̀n ọ́n. Àwa méjèèjì ti di òṣìṣẹ́ kan nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́ o," ohùn kan wí láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń fa aṣọ níbí?"

Gbogbo wọn yíjú padà.

"Kì í ṣe aṣọ, mà," Ọ̀gá dáhùn.

"Ohun tó bá ń nà tó sì ń ya, aṣọ ni. Ẹ̀ ń fà á bí ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò fẹ́ relé. Ọwọ́ kọ́ ni wọ́n fi ń fà á. Ara ni."

Wọ̀nọ́nwò ní, "Ìyá mi nìyẹn, mà." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì, àmọ́ ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gá wo ìyá. Ó wo ike tó kù. Ó wo ìkéde Ọ́fíìsì Ààbò lára ilẹ̀kùn. Ó wá kọjú sí fèrèsé, ó ń wo ìta bí ẹni tí nǹkan pàtàkì ń kọjá níbẹ̀.

"Ẹ wá ìbọ̀wọ́ tó bá Màámi mu," ló wí.

Màámi ní kí wọ́n gbé omi gbígbóná wá. Ó ní kí wọ́n fún òun ní rúlà mẹ́rin. Ó fi méjì há etí kan ike náà, ó fi méjì há etí kejì, ó gbé e sókè lójú ooru omi, ó ń dúró. Wọ́n bi í pé kí ló ń dúró dè. Ó ní òun ń dúró kó gbà. Nígbà tó tó àsìkò, kò fà á. Ó kàn ń fi ẹ̀yìn rìn, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, Ìyá Ìbejì sì di etí kejì mú. Ike náà ń gùn. Ó gùn ní ìlọ́po méjì. Ó gùn ní ìlọ́po mẹ́rin.

"Ó tó," ni Wọ̀nọ́nwò wí.

"O rí i pé ó tó?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo rí i, mà. Èyí, mo rí i dáadáa."


14.

ÌWÉ IṢẸ́. Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán.

Ìmọ́lẹ̀ tó DÚRÓ: 531, kò yí padà. 568, ó gòkè.

Ìmọ́lẹ̀ tó DÙBÚLẸ̀: 531, kò yí padà. 568, ó wọlẹ̀.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹfà. Òkè ńlá rí róbótó, kò mọ nǹkan kan. Kékeré mọ̀.

Kékeré gùn!

(Nísàlẹ̀, ọwọ́ Ọ̀gá:) Ó gùn, mo gbà. Ó lè jẹ́ méjì tó lẹ̀ mọ́ra, ó sì lè jẹ́ ẹyọ kan tó dá gùn. Mo ti fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó ní ẹ̀rọ tó lè ya àwòrán rẹ̀. Kí wọ́n tó dá wa lóhùn, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ o.

(Nísàlẹ̀ ìyẹn, ọwọ́ Ìyá Ìbejì:) Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Èmi náà kọ́ ló bí wọn ni? Ìbejì ni!


15.

Sí Ọ́fíìsì Ààbò,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní kí ọmọ wa má fọwọ́ kan kẹ́míkà nítorí àwọ̀ garawa. Mo fẹ́ bi yín: ṣé ẹ ò lè kọ GBINÁ sára ọ̀kan, kí ẹ kọ OMI sára èkejì? Ìwé kíkà ò nira fún un. Bí kò bá sí ohun ìkọ̀wé lọ́dọ̀ yín, mo ní.

Èmi, Ìyá Ìbejì, yàrá kejì.


Ìdáhùn: A ti gba lẹ́tà yín. À ń gbé e yẹ̀ wò.


16.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ìwòsàn, ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìbẹ̀wò.

Sí Ọ̀gá,

A dúpẹ́ fún òtítọ́ tí ẹ sọ fún wa. A kò lè mú ìgò keje lò bó ṣe rí, nítorí àwọ̀ kan ṣoṣo la fẹ́. Ní ti ọdún mẹ́ta tí a jọ sọ, a ó jókòó lé e lórí, a ó sì fèsì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn láti ìgbà tí a ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Ìgò mẹ́rin wà nílé wa láti ibòmíràn. Gbogbo wa la ti fojú wò ó, gbogbo wa la sì gbà pé àwọ̀ kan ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó rí òkè kékeré yẹn, ṣé ó lè bá wa wo tiwa?


17.

Ọ̀gá ka lẹ́tà náà sókè. Ìyá Ìbejì ní kó tún un kà láti "ẹ jọ̀ọ́". Ó tún un kà.

Màámi ti múra. Àpò rẹ̀ wà léjìká, mọ́tò rẹ̀ á gbéra láago mẹ́rin, ó sì ti dágbére fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ Ìyá Ìbejì ti fi ìgò keje sínú ẹ̀rọ tó ń yí bíríbírí láti àárọ̀, kí ohun tó wúwo lè sọ̀ kalẹ̀ sídìí. Ó fa ìkán kan láti ìsàlẹ̀, ó bu omi sí i, ó gbé e fún ẹ̀rọ. Wọ̀nọ́nwò tẹ bọ́tìnnì.

Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó kọjá 531, kò gòkè rárá, pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ pápá. Ó dé 568, ó gòkè. Òkè kan, òun nìkan, kò fara ti ẹnì kankan.

"Ẹ wo ọmọ mi!" Ìyá Ìbejì kígbe. Ó di Màámi mú, ó ń jó, Màámi sì ń jó pẹ̀lú àpò léjìká.

Ìlà ń lọ.

Ní 612, ó ta pọ́n-ún. Kékeré báyìí. Bí ìgbà tí eṣinṣin bà lé e.

Ijó dúró.

"Tún un ṣe," Ọ̀gá wí.

Ó tún un ṣe. 612. Pọ́n-ún.

"Eruku ni," ni Ọ̀gá wí.

"Ìbẹta ni!" ni Ìyá Ìbejì wí.

"Ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ ló ń hùn, mà," ni Wọ̀nọ́nwò wí, ṣùgbọ́n ó ti ń fa ìwé iṣẹ́ sọ́dọ̀, ó ti ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Màámi tẹ̀ síwájú. Ó na ìka sí ojú ẹ̀rọ, kò fi kàn án, ibi tí pọ́n-ún náà wà gẹ́lẹ́.

"Èyí ńkọ́? Kí ni ìyẹn ní tirẹ̀?"

Ọ̀gá wo Ìyá Ìbejì. Ìyá Ìbejì wo Wọ̀nọ́nwò. Ẹ̀rín ti gba gbogbo ojú rẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún.

"Mi ò mọ̀, mà. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màámi sọ àpò kalẹ̀. Ó fa àga kan.

"Ẹ sún díẹ̀ fún mi," ló wí.